Kí ẹ tó sanwó quartz tó jọ mábù

Fọ́tò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà sí mi lórí fóònù. Kíṣìnnì funfun gbòò, ìlà aláwọ̀ eérú fẹ̀ gàdàgbà la àárín tọ́ọ̀pù rẹ̀ kọjá, kò sí ìkòkò lórí ẹ̀, kò sí kẹ́ẹ̀gì epo, kò sí bílẹ́ńdà. "Bàbá, irú èyí gan-an ni mo fẹ́." Ìbéèrè tèmi a máa yà wọ́n lẹ́nu: kí lẹ máa ń sè nílé yín, ta ló sì máa ń sè é?

Òkúta gígé ni iṣẹ́ mi n'Íbàdàn. Orí sàréè ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó òkúta wà nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Kíṣìnnì àti balùwẹ̀ ló wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sàréè nígbà tó yá. Òkú kì í gbé ìkòkò gbígbóná ka orí òkúta tirẹ̀. Alààyè ń gbé e kà á láàárọ̀ àti lálẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè oúnjẹ kí n tó béèrè àwọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú quartz ní ṣókí. Wọn kì í wà á jáde nínú ilẹ̀ ní odidi síláàbù, ìyẹn òkúta pẹlẹbẹ ńlá tí a máa ń gé. Òkúta quartz ni wọ́n ń lọ̀, òun ló sì máa ń kó nǹkan bí 90 nínú 100 ìwúwo rẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń lé díẹ̀. Résìn, irú gọ́ọ̀mù kan tó so ó pọ̀, àti àwọ̀ ni ìyókù. Ẹ̀rọ kan á tẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ra, á máa gbọ̀n ọ́n, á sì máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ni ooru á mú un le. Ilé iṣẹ́ Breton ní Ítálì ló gbé irú ẹ̀rọ yẹn jáde. Caesarstone bẹ̀rẹ̀ ní Ísírẹ́lì ní 1987, Silestone tí Cosentino ń ṣe ní Sípéènì jáde ní 1990. Èyí tí èmi ń rà lọ́jà Orílé l'Ékòó, Ṣáínà àti Íńdíà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá.

Mábù gidi ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó wà nínú ilẹ̀ ní Ìgbẹ́tì níbí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó wà ní àwọn òkè Carrara ní Ítálì tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tó wà nínú ìkarahun ìgbín náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nǹkan kíkan sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sórí mábù dídán, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi gé ẹ̀fọ́ tán, ojú ibẹ̀ á ti kú. Bí ẹ nù ún títí di ọ̀la, dídán ibẹ̀ kò ní padà àfi tí wọ́n bá tún un dán. Tòmátì àti fínígà ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀bẹ pẹ̀lú ń họ ọ́: nínú òṣùwọ̀n líle òkúta tó lọ láti 1 dé 10, mábù wà ní 3, quartz wà ní 7, irin ọ̀bẹ wà láàárín wọn. Mo fẹ́ràn mábù púpọ̀. Ara ògiri ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ojú mábù ní ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, quartz ló kàn. Ọsàn wẹ́wẹ́ kò ní í lè ṣe é ní nǹkan kan, a kì í sì í fi òróró ààbò kùn ún lọ́dọọdún bí a ṣe ń ṣe fún mábù. Àmọ́ résìn tó wà nínú ẹ̀ ni àléébù rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ dé.

Tí ooru bá ti ń sún mọ́ dígírì 150, résìn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Òróró tí ẹ fi ń dín àkàrà ti kọjá ibẹ̀. Epo pupa tí ẹ yọ́ títí àwọ̀ pupa rẹ̀ fi kúrò lójú fún ọbẹ̀ ayamáṣe, ìyẹn lè kọjá 200. Tí ẹ bá sọ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ lórí quartz funfun, ọ̀kan nínú ohun méjì ni: kí ibẹ̀ di pípọ́n rúsúrúsú, tàbí kí ẹ gbọ́ "ká!" kí ó sán. Kò sí ọṣẹ tó ń mú àbàwọ́n ooru kúrò, nítorí òkúta fúnra rẹ̀ ló ti yí padà. Bí ọlọ́jà bá tan iná láítà sí i níwájú yín láti fi hàn pé kò ṣe nǹkan kan, ẹ wò ó kí ẹ rẹ́rìn-ín. Iná ìṣẹ́jú àáyá kọ́ ni ìkòkò àmàlà tó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi rò ó tán.

Màmá kan ní Bódìjà tó ń se oúnjẹ òde ló wá bá mi pé quartz aláwọ̀ mábù lòun fẹ́ yí ká gbogbo kíṣìnnì. Mo ní rárá. Ohun tí a ṣe ni pé a fi gíráńáìtì dúdú sí apá ọ̀tún àti òsì gáàsì, níbi tí ìkòkò ti ń bọ́ sílẹ̀, a wá fi quartz sí tábìlì àárín àti ibi síńkì. Gíráńáìtì kò ka ìkòkò gbígbóná sí. Dúdú àti funfun yẹn bá ara wọn mu ju bó ṣe rò lọ. Tí ẹ bá ta kú pé quartz nìkan ni, ẹ ní òṣùká tàbí pákó méjì tó nípọn tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì, kí ẹ sì bá ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn àbúrò ọkọ tó ń bọ̀ wá ṣe ìnáwó sọ ọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ti kíṣìnnì ẹ̀yìnkùlé, tí oòrùn ń là sí, kò tilẹ̀ gba àríyànjiyàn: oòrùn ń sọ résìn di pípọ́n. Gíráńáìtì ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ayédèrú. Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń pè ní quartz lọ́jà. Òmíràn jẹ́ mábù lílọ̀ tí wọ́n fi résìn pò. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n àìsàn mábù ṣì wà lára ẹ̀. Òmíràn ni nano funfun tó ń dán gbinrin, irú gíláàsì kan ni, etí rẹ̀ sì máa ń ṣán tí ohun líle bá kàn án. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà wọ́n. Kí ẹ má san owó quartz lé wọn lórí ni mò ń sọ.

Ẹ gba ìgékù kan lára síláàbù tí wọ́n fẹ́ tà fún yín gan-an, kì í ṣe sáńpù inú àpò wọn. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí apá kan lára ẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ bí ìdajì wákàtí. Tó bá ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́, tàbí tí ojú rẹ̀ kú lẹ́yìn tí ẹ nù ún, mábù wà nínú ẹ̀. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ fà á: lórí quartz, irin ọ̀bẹ ló máa fi ìlà dúdúdúdú sílẹ̀, tí ìka tàbí kàǹhìnkàn á nù kúrò; lórí èyí tó jẹ́ mábù, ìlà á jinlẹ̀, ẹ ó sì rí ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìgékù náà lọ sílé. Ẹ da epo pupa sí igun kan, kọ́rì tí ẹ fi omi pò sí igun kejì, tíì sí ẹ̀kẹta, kí ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Omi ọṣẹ lásán ló yẹ kó kó gbogbo wọn kúrò láàárọ̀. Tí kọ́rì bá fi àmì pupa rúsúrúsú sílẹ̀, ẹ fi tó mi létí kí n lè mọ ẹni tí mi ò ní í rà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ gbé e dùbúlẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ gba ojú síláàbù kọjá. Ihò wẹ́wẹ́, ibi tí kò dán tó ibi tó kù, gbogbo ẹ̀ á jáde síta. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà, orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà ìgbà tí wọ́n ṣe é máa ń wà níbẹ̀ tàbí létí rẹ̀. Tí ẹ bá nílò síláàbù méjì, nọ́ńbà kan náà ni kí ó wà lára méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ funfun tibí lè má jẹ́ funfun tọ̀hún.

Wàyí o, iṣan mábù, ìyẹn ìlà tó ń gba ara òkúta kọjá. Ibí ni owó ti ń bá afẹ́fẹ́ lọ jù.

Sáńpù kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Iṣan Calacatta, ọ̀kan nínú àwòrán mábù tí wọ́n ń tà, lè rìn ju mítà kan lọ kó tó yà. Ẹni tó fi sáńpù ra Calacatta, ó lè jẹ́ pé ibi tí iṣan kò gbà rárá ni wọ́n gé fún un wò, ó ń rò pé funfun lásán lòun rà. Tàbí kí ó jẹ́ pé ojú iṣan gan-an ni wọ́n gé, ó wá rò pé eérú ni gbogbo ẹ̀. Odidi síláàbù ni kí ẹ lọ wò, ní ìdúró, níta gbangba lójú ọ̀sán. Tí wọ́n bá ní ó wà lẹ́yìn àwọn mìíràn tí kò ṣeé fà jáde, ẹ lọ jẹun kí ẹ padà wá. Wọ́n á ti fà á jáde.

Àwọn orúkọ tí ẹ máa gbọ́ jù ni Carrara, Calacatta àti Statuario. Orúkọ mábù Ítálì ni wọ́n. Lára quartz, àwòrán lásán ni wọ́n dúró fún. Carrara: ilẹ̀ rẹ̀ funfun tó fà mọ́ eérú díẹ̀, iṣan rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀, ó sì pọ̀. Calacatta: ilẹ̀ rẹ̀ funfun ju ìyẹn lọ, iṣan rẹ̀ nípọn, ó jìnnà síra, nígbà mìíràn ẹ ó rí àwọ̀ wúrà nínú ẹ̀. Statuario: funfun, iṣan eérú tó mọ́ gaara, tó dá yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní Calacatta tirẹ̀, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ lè ra ìdajì lọ́dọ̀ ẹnìkan lónìí kí ẹ ra ìyókù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Èrò tèmi nìyí, àwọn tó ń ya àwòrán ilé kì í sì í gbà pẹ̀lú mi: nínú kíṣìnnì wa púpọ̀, Carrara ló tọ́. Ẹ wo bí tọ́ọ̀pù wa ṣe rí. Síńkì ti gba ibì kan, gáàsì ti gba ibì kan, fíríìjì ti gé e sí méjì, ojú fèrèsé tún wà níbẹ̀. Èyí tó gùn jù tí kò sí nǹkan kan tó gé e lè má tó mítà kan. Iṣan ńlá tó fẹ́ rìn mítà méjì, níbo ló máa rìn sí? Gígé la máa gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, èyí tó kù á wá dà bí ìgbà tí ènìyàn ya àwòrán ọmọlúàbí kan tó wá ku etí àti orúnkún nìkan. Ẹni tó bá ní tábìlì àárín tó gùn, tàbí ògiri balùwẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, òun ni kó ra Calacatta, kí ó sì fi í yangàn.

Ojú ìsopọ̀ ni ìdí kejì. Síláàbù tó wọ́pọ̀ kò ju mítà 3 ní gígùn àti 1.4 ní fífẹ̀ lọ. Èyí tó tóbi jù máa ń tó 3.2 sí 1.6. Kíṣìnnì tó bá ṣe igun bíi lẹ́tà L gbọ́dọ̀ ní ojú ìsopọ̀. Iṣan wẹ́wẹ́ máa ń bò ó, ẹ ó fi ọwọ́ wá a kí ojú tó rí i. Iṣan ńlá kì í bò ó: tó bá dé ojú ìsopọ̀ tí kò bá ti ìkejì pàdé, gbogbo àlejò ló máa rí i. Láti mú kí wọ́n pàdé, a máa ń yí òkúta, a máa ń sún un síwá sẹ́yìn, à ń ṣòfò lára ẹ̀. Iṣẹ́ tí síláàbù kan tó fún tẹ́lẹ̀ lè di méjì. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó dunnú sí iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè.

Lọ́dọ̀ mi, a máa ń fi téèpù bébà ya gbogbo ohun tí a fẹ́ gé sórí síláàbù fúnra rẹ̀: ibí ni ti síńkì, ibí ni ti gáàsì, ibí ni igun. Oníbàárà á dúró síwájú ẹ̀, á ní ẹ gbé síńkì sí apá ọ̀hún kí iṣan yìí má baà ṣòfò. A ó yà á ní fọ́tò, òun náà á tọ́jú ọ̀kan sí fóònù rẹ̀. Agé-òkúta tó bá ní òun kò lè ṣe èyí fún yín, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ má gbà kí ojú ìsopọ̀ bọ́ sí ibi síńkì tàbí ibi gáàsì, ibẹ̀ ni òkúta ti kéré jù tó sì ti rọrùn láti sán.

Ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé síláàbù. Ṣé iṣan wọ inú lọ, àbí orí nìkan ló dúró sí? Púpọ̀ nínú quartz tó rọ̀ lówó, ojú nìkan ni wọ́n ya iṣan sí. Kò burú tí etí bá fara pamọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ síńkì tó wọ abẹ́ òkúta, tí etí gígé á máa wò yín lójú lójoojúmọ́, funfun pátápátá ni ẹ máa rí níbi tí iṣan ti yẹ kó rọ̀ sílẹ̀.

Ẹ gbé ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì kan dání lọ sọ́jà. Funfun pé oríṣi. Òmíràn fà mọ́ búlúù, òmíràn fà mọ́ àwọ̀ wàrà. Funfun búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wàrà máa ń mú kí kábínẹ́ẹ̀tì tuntun dà bí èyí tó ti gbó. Ẹ tún gbé ìgékù náà sábẹ́ gílóòbù ilé yín lálẹ́.

Nípọn: 12, 20 àti 30 mílímítà ló wọ́pọ̀. 20 ni mo máa ń sọ fún èèyàn. 12 ṣeé lò tí káfíńtà bá tẹ́ pílí tó dára sábẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìrísí òkúta nínípọn lẹ fẹ́, a lè gé etí rẹ̀ ní dígírì 45 kí a so òmíràn mọ́ ọn wálẹ̀, yóò dà bíi pé 4 sẹ̀ǹtímítà ni, ẹ kò sì ní í san owó 30. Mítà onígun kan lára 20 mílímítà wúwo tó nǹkan bí 50 kílò; odidi síláàbù á tó 200. Ẹ rò ó mọ́ àtẹ̀gùn ilé yín àti àwọn ọmọkùnrin tó máa gbé e, ìdúró ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gbé e, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí òkúta yọ síta kí èèyàn lè jókòó síbẹ̀ jẹun, tó bá ti ń sún mọ́ 25 sẹ̀ǹtímítà, kí irin wà lábẹ́ rẹ̀. Igun inú ihò síńkì àti gáàsì gbọ́dọ̀ ká díẹ̀. Igun tó mú ṣóńṣó ni òkúta ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Kí etí iwájú síńkì náà má mú, ìkòkò ni yóò máa kàn án.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn òkúta kí kábínẹ́ẹ̀tì tó dúró sí ààyè rẹ̀. Bíríkìlà wa, kí Ọlọ́run bù kún wọn, ògiri wọn kì í sábà dúró gún régé. Pílí tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo máa ń gé bá ara ògiri, òun ni mo máa ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́. Síńkì, ẹ̀rọ omi àti gáàsì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lójúkojú lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí kò tó.

Ti balùwẹ̀ rọrùn ju èyí lọ, kò sí ìkòkò níbẹ̀. Làálì, dáì irun àti omi tí a fi ń pa àwọ̀ èékánná rẹ́ ni kí ẹ máa tètè nù. Omi kànga dẹ̀rọ tó ní irin nínú máa ń fi àmì pupa sí ìdí ẹ̀rọ omi, pàápàá lára èyí tí kò dán. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n fi èyí tó dán sí balùwẹ̀. Ìgékù iṣẹ́ ẹlòmíràn sábà máa ń tó fún tábìlì síńkì balùwẹ̀ kékeré, owó rẹ̀ á sì dín púpọ̀. Ẹ béèrè rẹ̀, a kì í polówó rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà, ẹ mọ̀ bóyá síláàbù ni wọ́n ń pe owó lé tàbí mítà, kí ẹ sì mọ̀ bóyá gígé, dídán etí, ihò síńkì, ọkọ̀ àti títò wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò ní í dín owó yín kù: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé quartz gbígbẹ nínú ilé yín. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ̀dọ̀fóró tó bá sì bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sàn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ọsirélíà fi fòfin de irú òkúta yìí láti July 1, 2024. Omi gbọ́dọ̀ máa dà sójú ibi tí wọ́n ń gé, kí ìbòmú tó dára sì wà lójú ẹni tó ń gé e. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń kùn pé ó ń mú àwọn láàgùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ láàgùn kò ní í gé e lọ́dọ̀ mi.

Omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ ló tó láti máa fọ̀ ọ́. Kí Hypo tàbí Jik má dúró lórí rẹ̀, kí ohun tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà tàbí fọ inú ààrò gáàsì má kàn án rárá. Ìgékù tó bá ṣẹ́ kù lára òkúta yín, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ gbà á. Ẹ fi ọ̀kan sábẹ́ síńkì, kí ẹ máa kọ́kọ́ dán gbogbo ọṣẹ tuntun wò lára ẹ̀. Ẹ tọ́jú èyí tó tóbi jù, torí tí etí bá ṣán lọ́jọ́ kan, inú rẹ̀ ni a ó ti gé èyí tí a máa fi dí i, àwọ̀ rẹ̀ á sì bá a mu.